Bí A Bá Mọ Ìdí Ohun Tó Ń Yani Lẹ́nu, Ṣé Ẹwà Rẹ̀ Ń Parẹ́?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa lọ́dọ̀ ìyá aláró.

Ìyá aláró ti aṣọ funfun bọ inú ìkòkò aró. Nígbà tó fà á jáde, aṣọ náà kò tíì di àwọ̀ aró. Ó dà bí ewé tó fẹ́ gbẹ, tí kò jọ ewé tútù mọ́, tí kò sì tíì pọ́n bí ìyeyè. Ìyá nà án sókè, atẹ́gùn fẹ́ sí i. Kò pẹ́, níṣojú gbogbo wa, aṣọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ó yí, ó yí, ó di àwọ̀ aró gidi. Ọmọdé tó bá rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ a pariwo. Ìyá aláró kì í pariwo ní tirẹ̀. Ó ti mọ̀ pé ìkòkò nìkan kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Atẹ́gùn ló ń parí rẹ̀. Bí atẹ́gùn kò bá kan aṣọ náà, kò ní di àwọ̀ aró láéláé.

Ìbéèrè mi sí yín nìyí. Nínú ọmọdé tí kò mọ ìdí àti ìyá tó mọ ìdí, ta ni ó gbádùn ẹwà aṣọ náà jù?

Àwọn kan yóò dáhùn pé ọmọdé ni. Wọ́n gbà pé ohun tó bá yani lẹ́nu, kí a má ṣe wádìí rẹ̀ jù. Wọ́n ní ọjọ́ tí a bá mọ ìdí rẹ̀ ni adùn rẹ̀ tán. Nítorí èrò yìí ni àwọn òbí kan ṣe ń bẹ̀rù ilé ìwé. Wọ́n ní ọmọ tó bá kàwé jù, kò sí ohun tó ń yà á lẹ́nu mọ́, kò sì sí ohun tó ń bọ̀wọ̀ fún mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́, a jẹ́ pé ohun tí ẹ̀yin náà ń ṣe báyìí, tí ẹ jókòó tí ẹ ń kàwé, ń gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń jà lé èyí lórí. Ní nǹkan bí ọdún 1666, ọkùnrin ará Ìlú Ọba kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Isaac Newton sé fèrèsé yàrá rẹ̀, ó sì lu ihò kékeré kan sí i kí ìtànṣán oòrùn díẹ̀ lè wọlé. Ó gbé gíláàsì onígun mẹ́ta sí ojú ọ̀nà ìtànṣán náà. Ìmọ́lẹ̀ funfun wọ inú gíláàsì, àwọ̀ òṣùmàrè ló jáde sára ògiri. Àwọn ènìyàn ìgbà náà rò pé gíláàsì ló ń kun ìmọ́lẹ̀ ní àwọ̀. Newton kó àwọn àwọ̀ náà papọ̀ padà, wọ́n sì tún di funfun. Ó fi hàn báyìí pé inú ìmọ́lẹ̀ funfun ni gbogbo àwọ̀ náà ti wà látilẹ̀ wá. Gíláàsì kàn tú wọn ká ni. Ó kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1704.

Inú gbogbo ènìyàn kò dùn sí i. Ní ọdún 1820, akéwì ará Ìlú Ọba kan, John Keats, tẹ ewì gígùn kan jáde tí ó pè ní Lamia. Nínú rẹ̀ ni ó ti ráhùn pé àwọn onímọ̀ ti sọ òṣùmàrè di ohun lásán, nítorí pé wọ́n ti tú u palẹ̀. Ẹ kò rí i pé ohun kan náà ni òun àti àwọn àgbà wa tí ń bẹ̀rù ilé ìwé ń sọ?

Kí ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ tèmi gbọ́ lásán, ẹ dán an wò fúnra yín. Ẹ bu omi sínú abọ́ fífẹ̀ kan. Ẹ ki dígí kékeré sínú omi náà, kí ó fì sí ẹ̀gbẹ́ abọ́, kí ìdajì rẹ̀ wà nínú omi. Ẹ gbé abọ́ náà síbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń gba ojú fèrèsé wọlé, kí oòrùn kan apá dígí tó wà nínú omi, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ta padà sára ògiri funfun tàbí bébà funfun. Ẹ má ṣe wo oòrùn nínú dígí náà o, nítorí ó lè ba ojú jẹ́. Ògiri ni kí ẹ wò. Ẹ máa yí dígí náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ óò rí òṣùmàrè kékeré kan nínú yàrá yín. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ń wọ inú omi àti nígbà tó bá ń jáde, ó máa ń tẹ̀. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ni bí ó ṣe ń tẹ̀ tirẹ̀. Pupa kì í tẹ̀ tó àwọ̀ aró. Bí wọ́n ṣe ń pínyà nìyẹn.

Ó dára. Ẹ ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Ẹ tún wo ògiri yín. Ṣé òṣùmàrè náà ti ṣá?

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé ìgbésí ayé rẹ̀ lè ràn wá lọ́wọ́ láti dáhùn. Frank Malina ni orúkọ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà ni a bí i sí ní ọdún 1912. Onímọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì ni. Ó wà lára àwọn tó dá ibi ìwádìí rọ́kẹ́ẹ̀tì tí a mọ̀ sí Jet Propulsion Laboratory sílẹ̀ ní California, ó sì ṣe olórí ibẹ̀ rí. Ní ọdún 1945, rọ́kẹ́ẹ̀tì tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, WAC Corporal, gòkè ju kìlómítà 60 lọ. Ẹni tó bá mọ irú èyí, ó mọ iná, ó mọ irin, ó mọ ìṣirò. Ṣùgbọ́n ó ń dùn ún pé ohun ìjà ni àwọn alágbára ayé fẹ́ fi ìmọ̀ náà ṣe. Ní ọdún 1947 ó wá ṣiṣẹ́ ní UNESCO, ní Paríìsì. Ní ọdún 1953 ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì gbájú mọ́ iṣẹ́ ọnà.

Irú iṣẹ́ ọnà wo ló ṣe? Àwòrán tí kì í dúró sójú kan ni. Bí ẹ bá rí i lára ògiri, ẹ óò rò pé àpótí pẹlẹbẹ kan ni. Gílóòbù iná wà nínú rẹ̀. Níwájú gílóòbù náà ni àwo ribiti kan wà tí Malina kùn ní oríṣiríṣi àwọ̀, ẹ́ńjìnì kékeré sì ń yí àwo náà jẹ́jẹ́. Níwájú àwo yìí ni pátákó mìíràn wà, tó mọ́ gaara bí gíláàsì, tí òun náà ní àwòrán tirẹ̀ lára, ṣùgbọ́n tí kì í yí. Níwájú gbogbo wọn ni ìbòjú kan wà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, àmọ́ tí a kò lè fi rí inú àpótí náà kedere. Bí àwo ṣe ń yí, àwọ̀ kan ń gun orí èkejì, òmíràn ń sá pamọ́ sẹ́yìn èyí tó dúró, òmíràn ń yọ. Ẹ lè jókòó síwájú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ẹ má fẹ́ dìde. Malina pe ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ní Lumidyne.

Kò sí àdììtú kankan níbẹ̀, àbí? Iná, àwo, ẹ́ńjìnì, ìbòjú. Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún yín. Ọmọ tó bá ti ta òkòtó rí, tó sì ti fi ẹfun àti osùn kùn ún, mọ díẹ̀ nínú rẹ̀: bí òkòtó bá ń yí kíákíá, funfun àti pupa rẹ̀ a pàdé lójú wa. Síbẹ̀ ẹni tó mọ òkòtó kò ní kí ọmọ má ta á mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ Malina ni èyí. Ní ọdún 1968 ó dá ìwé àtìgbàdégbà kan sílẹ̀ tí ó pè ní Leonardo. Nínú rẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ọnà fúnra wọn ti ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ wọn: ohun èlò tí wọ́n lò, ìmọ̀ tó wà nídìí rẹ̀, ohun tí wọ́n ń wá. Malina kú ní ọdún 1981, àwọn ẹlòmíràn sì ń bá ìwé náà lọ. Bí mímọ ìdí bá ń pa ẹwà, ọkùnrin yìí ì bá ti pa iṣẹ́ ara rẹ̀ àti ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò bẹ̀rù. Ó ṣí àpótí rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wo inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ síwájú díẹ̀, nítorí ẹlòmíràn tún wà tó kọ́ wa ní ohun tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Carlos Cruz-Diez ni. Caracas, olú ìlú Fẹnẹsuẹ́là, ni a bí i sí ní ọdún 1923. Láti ọdún 1959 ló ti ń ṣe irú iṣẹ́ kan tí ó pè ní Physichromie. Ó to ọ̀pọ̀ ọ̀pá pẹlẹbẹ tín-ín-rín lóròó sára pátákó kan, wọ́n sì yọ síta bí eyín òòyà. Ó kun ẹ̀gbẹ́ wọn ọ̀tún ní àwọ̀ kan, ó kun ẹ̀gbẹ́ wọn òsì ní òmíràn. Bí ẹ bá dúró lápá òsì, ẹ rí nǹkan kan. Bí ẹ bá ń rìn lọ sápá ọ̀tún, àwọ̀ àkọ́kọ́ ń lọ, òmíràn ń bọ̀, àwọ̀ tí kò sí lára pátákó náà rárá sì ń yọ láàárín wọn. Iṣẹ́ náà kò mira. Ẹ̀yin lẹ rìn. Bí ẹ bá dúró, iṣẹ́ náà dúró.

Ní ọdún 1965 ó ṣe èyí tó ń jẹ́ Chromosaturation. Yàrá funfun mẹ́ta ni. Iná pupa wà nínú ọ̀kan, iná àwọ̀ ewé wà nínú èkejì, iná àwọ̀ aró, tí àwọn mìíràn ń pè ní búlúù, wà nínú ẹ̀kẹta. Kò sí àwòrán kankan nínú wọn. Ẹni tó bá wọlé, inú àwọ̀ ló wọ̀, bí ẹni wọ inú odò. Bí ó bá pẹ́ nínú yàrá pupa, pupa náà a máa ṣá lójú rẹ̀, yóò dà bí ẹni pé ẹnìkan ń dín iná náà kù. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan iná. Bí ó bá ti ibẹ̀ kọjá sí yàrá àwọ̀ ewé, àwọ̀ ewé náà a mú lójú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Kí ló fà á? Nínú ojú ọmọ ènìyàn, àwọn nǹkan tíntìntín kan wà tí ń gba àwọ̀ wọlé. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n. Oríṣi kan ń gba ìmọ́lẹ̀ tó sún mọ́ pupa jù, ìkejì ń gba èyí tó sún mọ́ àwọ̀ ewé, ìkẹta ń gba èyí tó sún mọ́ àwọ̀ aró. Àròpọ̀ ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ fún ọpọlọ ni à ń pè ní àwọ̀. Bí pupa nìkan bá ń wọlé ṣáá, èyí tí ń gba pupa a rẹ̀, bí ẹni tó ti ń gúnyán láti àárọ̀. Ohùn rẹ̀ a lọ sílẹ̀, ohùn àwọn yòókù a sì borí rẹ̀.

Èyí náà, ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ na aṣọ pupa kan síwájú yín nínú oòrùn. Ẹ tẹjú mọ́ ojú kan lára rẹ̀, ẹ ka oókan dé ọgbọ̀n ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ má ṣe wo ibòmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ yára gbójú lé ògiri funfun. Ẹ óò rí ojú àwọ̀ kan níbẹ̀ tó wà láàárín àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró. Ta ló kùn ún sára ògiri? Kò sí. Inú ojú yín ló ti wá.

Ibí yìí gan-an ni mo ń mú yín bọ̀. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ yóò rò pé ara ògiri ni àwọ̀ náà wà, pé oníṣẹ́ ọnà ló fi síbẹ̀, pé òun kàn ń wòran ni. Ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ mọ̀ pé òun náà lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ náà. Bí kò bá sí ojú tirẹ̀, iná lásán ni ìbá wà nínú yàrá yẹn. Ìmọ̀ kò gba ẹwà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi hàn án pé ìdajì ẹwà náà wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọnà kan ní Paríìsì ro ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀. Julio Le Parc, ọmọ ilẹ̀ Ajẹntínà, wà lára wọn. Ní ọdún 1960 wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GRAV. Inú wọn kò dùn pé ní ilé àfihàn, a máa ń kọ ọ́ sára ògiri pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan. Wọ́n ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń sọ àwọn ènìyàn di òǹwòran tí kò já mọ́ nǹkan. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1966, wọ́n kó ohun tí wọ́n ṣe jáde sí ìgboro Paríìsì láti àárọ̀ di alẹ́: pátákó tí ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀, bàtà onísípíríìnì, àwọn ohun tí ń tú ìmọ́lẹ̀ ká. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, ẹni tó ń ti ọjà bọ̀, wọ́n ní kó fọwọ́ kàn án, kó gùn ún, kó yí i. Ẹgbẹ́ náà tú ká ní ọdún 1968, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ ṣì wà nílẹ̀: kò yẹ kí a máa tọ́ ènìyàn bí ẹni tó jẹ́ pé ìwòran nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ láyé.

Bóyá ẹnìkan nínú yín yóò sọ pé, "Ó dára, ṣùgbọ́n eré ni gbogbo èyí. Nǹkan tó ń wọni lára ńkọ́?" Ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn pẹ̀lú ilẹ̀ pápákọ̀ òfurufú kan. Láti ọdún 1974 sí 1978 ni Cruz-Diez ṣe iṣẹ́ kan sí pápákọ̀ òfurufú Maiquetía, lẹ́bàá Caracas. Orí ilẹ̀ ló ṣe é sí, àwọn èrò sì ń tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ìlà àwọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló tò síbẹ̀. Bí ènìyàn bá ń rìn lórí wọn, àwọ̀ wọn ń pàdé lójú rẹ̀, wọ́n sì ń bí àwọ̀ mìíràn. Lẹ́yìn náà, ìyà dé bá Fẹnẹsuẹ́là. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá péré, ó lé ní mílíọ̀nù 7 ènìyàn tó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gba pápákọ̀ yẹn lọ a dúró, wọn a tẹ orí ba, wọn a ya fọ́tò ẹsẹ̀ ara wọn lórí àwọn ìlà àwọ̀ náà. Ìyẹn ni ohun ìkẹyìn tí wọ́n mú kúrò nílé.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Àbíjáọ̀ tàbí ní Libreville, ẹ mọ irú ìdúró bẹ́ẹ̀. Àwọn kan lára àwọn arìnrìn-àjò wọ̀nyẹn mọ ìdí tí àwọ̀ náà fi ń yí. Àwọn kan kò mọ̀. Omijé kan náà ló bọ́ lójú wọn. Ìmọ̀ kì í gbẹ omijé, kì í sì í pa ẹ̀rín.

Ṣé òkèèrè nìkan ni a ó ti máa mú àpẹẹrẹ wá? Ẹ padà wálé, kí a lọ sí Kétu. Gbogbo yín lẹ mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí a ń fi í yẹ́ àwọn ìyá wa sí. Ní ọdún 2001 ni UNESCO kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé pé ó jẹ́ ogún iyebíye, ó sì wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní ọdún 2008. Ẹ rántí igi tí wọ́n gbẹ́, tí wọ́n kùn ní pupa, ní funfun, ní àwọ̀ aró. Lórí àwọn kan, àwọn ère kéékèèké wà tí okùn ń fà. Ejò a na orí, ẹyẹ a ṣánu jẹ, ara ọlọ́jà a ya gágá. Ta ni kò mọ̀ pé ènìyàn ló ń fa okùn náà? Ta ni kò mọ̀ pé ènìyàn ló gbé igi náà lórí? Aṣọ tó fi bojú kò tilẹ̀ nípọn. Àwọn mìíràn nínú òǹwòran mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì mọ ilé bàbá rẹ̀. Síbẹ̀, bí ère bá mira, ọjà a dà rú fún ayọ̀. A mọ̀ ọ́n, a sì ń yọ̀. Kódà nítorí pé a mọ̀ pé ọmọ wa ló ń ṣe é la ṣe ń yọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣẹ̀dá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dáhùn ìbéèrè Keats tipẹ́tipẹ́.

Àgbàlagbà kan lè wá dá mi dúró níbí, kó ní: "Ìwọ òǹkọ̀wé yìí, ṣé o fẹ́ kí a tú gbogbo awo síta ni? Ṣé o kò mọ̀ pé awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́?"

Bàbá, mo gbọ́, mo sì dọ̀bálẹ̀. N kò sọ bẹ́ẹ̀. Awo wà tó jẹ́ ti ìdílé, tó jẹ́ ti àwọn tó búra sí i, tí wọ́n ń pa á mọ́ fún àlàáfíà ìlú. Ẹni tí kò sí nínú rẹ̀ kò pàdánù ohunkóhun. Ìkọ̀kọ̀ mìíràn ni mo ní lọ́kàn. Ẹ ti gbọ́ nípa àwọn tó máa ń gbé àpótí ìwé dúdú wá. Wọ́n a ní owó gidi ni ìwé náà, pé wọ́n kùn ún dúdú kí ó lè kọjá ẹnu bodè. Wọ́n a mú ọ̀kan jáde, wọn a fi oògùn kan fọ̀ ọ́, dúdú a ṣí kúrò, owó a yọ. Wọ́n a wá ní kí ẹ mú owó wá láti fi ra oògùn tí a ó fi fọ èyí tó kù. Ẹni tó bá kó owó fún wọn kò ní rí wọn mọ́. Ohun tó ṣí dúdú náà kúrò kò ju oògùn tí ń mú àwọ̀ ṣí lọ, bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe ń mú àbàwọ́n kúrò lára aṣọ. Ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n fọ̀ ni owó. Ìwé lásán ni ìyókù.

Ẹ wò ó dáadáa. Àwọ̀ ń yí padà lọ́wọ́ ìyá aláró. Ó ń yí padà nínú yàrá Cruz-Diez. Ó ń yí padà lọ́wọ́ gbájúẹ̀ pẹ̀lú. Ìmọ̀ tí wọ́n ń lò kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Kí ló yàtọ̀? Ìyá aláró yóò sọ fún ọmọ rẹ̀ ìdí tí àwọ̀ fi yí, yóò sì kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Cruz-Diez ṣàlàyé tirẹ̀ sínú ìwé fún ẹni tó bá fẹ́ kà. Gbájúẹ̀ kò lè ṣàlàyé, nítorí ọjọ́ tí ẹ bá mọ ìdí rẹ̀ ni òwò rẹ̀ tán.

Nítorí náà, bí ohun kan bá yà yín lẹ́nu, tí ẹ kò sì mọ bí ẹ ó ṣe gbà á, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè yìí: bí mo bá mọ ìdí rẹ̀, kí ni yóò ṣẹ́ kù? Bí ẹwà rẹ̀ bá ṣẹ́ kù, iṣẹ́ ọnà ni. Bí kò bá ṣẹ́ kù ju owó yín tó ti lọ, ẹ̀tàn ni.

N kò ní parọ́ fún yín, nǹkan kan wà tí ìmọ̀ ń mú lọ. Igbe tí ọmọdé ké ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́bàá ìkòkò aró, kò tún lè ké e bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyẹn ń wá. Ìgbéraga náà tún wà: àwọn kan gbọ́ orúkọ ohun kan, wọ́n rò pé àwọn ti mọ̀ ọ́n tán, wọn kò sì wò ó mọ́. Irú wọn ni àwọn àgbà wa ń rí tí wọ́n fi ń bẹ̀rù ilé ìwé, wọn kò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìgbéraga ló pa ìyanu lára àwọn yẹn, kì í ṣe ìmọ̀. Ìyá aláró ti mọ ìdí aró láti ogójì ọdún, ó ṣì ń gbé aṣọ tó bá mu dáadáa sókè kí oòrùn tàn sí i, ó ṣì ń wò ó.

Kí n tó dákẹ́, ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ìwé kíkà ní ìgbà àgbà, ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wọ kíláàsì. Ìlà dúdú lórí bébà funfun ni lẹ́tà jẹ́ lójú yín. Bí lẹ́tà bá dé láti ọ̀dọ̀ ọmọ yín, ẹ óò wá ẹni tí yóò kà á fún yín. Ó ń wo ìlà dúdú, ohùn ọmọ yín sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìyanu ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kò mọ ohun tó fò, ẹ kò mọ ohun tó fi kún un, gbogbo ọ̀rọ̀ ilé yín sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lónìí ẹ ti mọ ìdí rẹ̀. Ẹ mọ pé "b" àti "a" ló di "ba". Kò sí àdììtú níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí lẹ́tà mìíràn bá dé, tí ẹ jókòó sábẹ́ igi tí ẹ ń kà á fúnra yín, tí ẹ bá dé ibi tí ọmọ náà ti kọ ọ́ pé "Ìyá mi, àárò yín ń sọ mí", ẹ wá sọ fún mi bóyá ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́.